Ìwé àjọ tí wọ́n ń gbé wá bá yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí, Ìkòròdú ni mò ń gbé, akáǹtáǹtì sì ni mí ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Victoria Island. Mo lọ́kọ, mo bí ọmọ méjì, owó oṣù mi kò burú. Ní 2021 la ra mọ́tò, ní 2023 la kó wọ ilé ara wa. Ìdùnnú mọ́tò kò pé oṣù mẹ́ta, ti ilé kò pé ọdún kan. Ó ti wá dà bíi pé inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo ti lọ sí ìpàdé mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tí Ọlọ́run torí ẹ̀ dá a. Níbi ìkẹta, wọ́n ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ìgbà yẹn lọ̀nà á là. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ràn. Mi ò lè kọrin, mi ò lè yàwòrán, kò sí ẹ̀bùn kan pàtó lára mi. Àfi àwọn ìyá ọlọ́jà àdúgbò wa tí wọ́n máa ń gbé ìwé àjọ wọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí mo wá ṣe láyé? Ṣé ayọ̀ rẹ̀ á pẹ́ lóòótọ́? Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ má tíì kọ̀wé kankan. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ dáhùn yẹn, torí òun ló lè ṣe yín ní jàǹbá jù. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ ká yẹ̀ wò ná. Ẹ kò sọ bí ẹ ṣe ń sùn, ẹ kò sì sọ bí oúnjẹ ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ bi ara yín: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò sí ohun tó wù yín ṣe, títí kan ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀? Ṣé oorun ti dá lójú yín, àbí ẹ ń sùn àsùnjù? Ṣé ẹ ń rù láìgbààwẹ̀? Ṣé ọkàn yín ń sọ fún yín pé ẹ kò já mọ́ nǹkan kan, tàbí pé ìbá sàn kí ẹ má sí láyé? Bí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe àìmọ ohun tí ẹ wá ṣe láyé ló ń bá yín jà. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Dókítà tí ẹ máa ń lọ rí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá náà sì ń tọ́jú àwọn tó ń ti ilé wá tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ Yábàá tàbí Àrò tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́dọ̀ wèrè ìta ọjà, ìgbà ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Láti 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn Àrò, l'Abẹ́òkúta, máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Tó bá jẹ́ irú èyí ni, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ́jú ara yín, kí ẹ wá padà ka ìyókù lẹ́yìn náà.

Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò yẹn.

Yorùbá máa ń sọ pé "inú mi dùn". Adùn ni wọ́n pè é, adùn kì í sì í pẹ́ lẹ́nu. Ara èèyàn ni wọ́n dá bẹ́ẹ̀: ohun yòówù tó bá ti ń rí lójoojúmọ́, yóò mọ́ ọn lára, ìgbà tó bá sì ti mọ́ ọn lára, kò ní ta á lólobó mọ́. Ní 1978, Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fọ̀rọ̀ wá èèyàn 22 tó jẹ owó ńlá nídìí tẹ́tẹ́ lọ́tìrì lẹ́nu wò, wọ́n fi wọ́n wé èèyàn 22 mìíràn tí kò jẹ kọ́bọ̀, àti èèyàn 29 tí ìjàǹbá sọ di arọ. Àwọn tó jẹ lọ́tìrì kò láyọ̀ ju àwọn tí kò jẹ lọ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Kódà, nǹkan kéékèèké bíi oúnjẹ àárọ̀ tàbí ká bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ kò dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù. Inú àwọn tó di arọ kò dùn tó ti àwọn yòókù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bà jẹ́ tó bí èèyàn ṣe lè rò. Torí náà, mọ́tò yín ò ṣẹ̀, ilé yín ò ṣẹ̀, ẹ̀yin náà kì í sì í ṣe aláìmoore.

Ọ̀rọ̀ kejì tí Yorùbá ní ni "ọkàn mi balẹ̀". Ohun tó ti balẹ̀ ti kúrò lójú òfuurufú, kò máa fò kiri mọ́. Èyí kì í ṣe adùn rárá. Ìyá tó jókòó ti ọmọ aláìsàn di ìdájí, inú rẹ̀ kò dùn, oorun ń kùn ún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé níbo ló tún yẹ kó wà lóru ọjọ́ yẹn, kò sí ibòmíràn. Àṣìṣe tó pọ̀ jù tí mo ń rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni èèyàn ń wá, adùn ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó dáa, ó dùn fún oṣù kan, adùn lọ, ó ní "ó jọ pé kì í ṣe èyí", ó tún dìde ó lọ wá òmíràn.

Ṣé ayọ̀ rẹ̀ á pẹ́, nígbà náà? Adùn rẹ̀ kò ní pẹ́. Àwọn ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ óò kórìíra rẹ̀. Ohun tó ń pẹ́ ni pé ẹ óò mọ ibi tí ọjọ́ yín ń lọ. Àwọn ará Japan ń pe ohun tó ń mú kí ìgbésí ayé èèyàn yẹ ní gbígbé ní ikigai. Ní agbègbè Ohsaki lọ́hùn-ún, wọ́n bi èèyàn 43,391 bóyá wọ́n ní in, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún 7. Nínú àbájáde tó jáde ní 2008, ikú pọ̀ láàárín àwọn tó ní àwọn kò ní in ju láàárín àwọn tó ní in lọ, pàápàá ikú àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn búra o. Ẹni tí àìsàn ti ń jẹ lára lábẹ́lẹ̀ lè torí ẹ̀ dáhùn pé òun kò ní ìdí kankan láti wà láyé, àwọn olùwádìí kò sì lè yọ gbogbo irú èyí kúrò tán bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó. Síbẹ̀ ó tó kí èèyàn fọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ náà.

Wàyí o, ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jọ pé wọ́n sọ fún yín pé ohun kan wà tí a fi pa mọ́ sínú yín, tí ẹ bá ti rí i ọ̀rọ̀ bùṣe. Irú èrò yìí wọ̀ wá lọ́kàn torí ó jọ àkúnlẹ̀yàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ifá sọ gan-an. Nínú odù Ogbègúndá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa orí náà, ó ṣá, gbogbo èrè iṣẹ́ wọn láyé ló sì ń lọ sí títún un ṣe. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kò mọ orí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Ohun tó ní ni iyọ̀ àti owó tí àwọn awo ní kó mú dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá a tó ti gun àjà lọ sá pamọ́ fún olówó tó jẹ ní gbèsè, ó bá a san án. Àjàlá tó sọ̀ kalẹ̀ ló wá bá a ṣa orí tó le. Ìtàn náà kò sọ pé Afùwàpẹ́ jókòó sójú kan kó máa wo inú ara rẹ̀. Ojú ọ̀nà, nídìí ìṣòro ẹlòmíràn, ni orí rere ti bá a. Ẹ fi gbèsè Àjàlá yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ifá tún sọ ti ọjọ́ tí gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀ tí wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i. Ìjà ni ìpàdé náà fi tú, ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ tí wọ́n gbà tó lè ṣẹ. Ìpàdé tí ẹ lọ, orí nìkan ni wọ́n pè. Ní 2018, Paul O'Keefe, Carol Dweck àti Gregory Walton rí i nínú àyẹ̀wò wọn pé àwọn tó gbà pé ìfẹ́ ohun kan ti wà nínú èèyàn láti ilẹ̀, tó kàn ń dúró kí a rí i, ni ìfẹ́ wọn tètè ń tutù nígbà tí nǹkan náà bá le. Àwọn tó gbà pé ṣíṣe ló ń mú ìfẹ́ dàgbà ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ gbé fún yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpamọ́wọ́. Fún ọjọ́ 14, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ àti kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe láàárín wákàtí bíi mélòó kan tó kọjá, kí ẹ fún un ní máàkì méjì láti 0 dé 10. Ọ̀kan fún adùn: báwo ló ṣe dùn mọ́ mi tó? Ìkejì fún ìwúlò: tí mo bá wò ó lọ́la, ṣé ó yẹ ní ṣíṣe? Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lójúmọ́. Inú mọ́tò ni ẹ óò ti máa kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ń wà á. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Victoria Island tó kọ ìwé.

Ìdí tí máàkì náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì rèé. Ní 2004, Daniel Kahneman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní Texas kọ bí àná wọn ṣe lọ, láti ohun kan dé òmíràn. Ìrìn lọ síbi iṣẹ́ wà lára ohun tó gba máàkì tó kéré jù, èyí kò ní yà yín lẹ́nu. Títọ́jú ọmọ náà kò gbé máàkì tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò sọ pé ọmọ ni ìdùnnú àwọn. Bí ẹ bá kọ adùn nìkan, ẹ óò ju ọmọ nù, ẹ óò mú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ìwúlò ti gba 7 sókè, bó ti wù kí adùn rẹ̀ kéré tó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa wá. Kí ẹ sì bi èèyàn márùn-ún tó mọ̀ yín dáadáa, láìṣe àlàyé rẹpẹtẹ, pé: "Tí ìṣòro wo bá dé ni ẹ máa ń rántí mi?" Ẹ má bi wọ́n pé kí ni ẹ̀bùn mi, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn yín.

Mo lè fi owó bẹ́tì ohun tí àwọn márùn-ún yóò sọ. Ẹ ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ẹ wá fi "àfi" àti "kì í ṣe nǹkan bàbàrà" bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún yín, kò sí ọ̀gá tó pàṣẹ, alẹ́ tó yẹ kí ẹ fi sinmi ni, síbẹ̀ ìwé àjọ ṣì ń wá, ẹ sì ń ṣí i. Ohun tó bá rọ èèyàn lọ́rùn, ó máa ń rò pé gbogbo ayé ló rọ̀ lọ́rùn. N kò sọ pé òun gan-an ni ẹ wá ṣe láyé. Òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò ni mo sọ, torí wákàtí 16 péré ni yóò gbà: ọjọ́ Àìkú mẹ́jọ, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́rin. Ẹ má mú ogún. Ẹni tó bá fi ogún bẹ̀rẹ̀, ìṣètò àga àti pípe èèyàn ni yóò máa ṣe, kò ní ráyè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá òun lára mu.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ kí ìyálọ́jà ọjà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé yín ni ẹ óò ti ṣe é. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ti owó orí, kì í ṣe ti òṣèlú, ẹ kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn óò ti máa sọ pé ìjọba ló rán yín wá ka owó àwọn. Kí ẹ sì di èyí mú ṣinṣin: ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó mú fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á mú lẹ ti di alájọ, ọjọ́ tí ọ̀kan bá sì ní owó òun kò pé, iṣẹ́ rere yín ti di ẹjọ́.

Ohun èlò kò pọ̀: ìwé ìléwọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bírò búlúù àti pupa. Òpó mẹ́ta nínú ìwé: owó tó wọlé, owó tó jáde, owó tó wà lóde lọ́wọ́ oníbàárà àwìn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn máa gbọ́ ni, kí ẹ da ohun tí wọ́n bá sọ kọ bó ṣe rí, ẹ má tún ohunkóhun ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ìṣírò ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní oníata kan ra apẹ̀rẹ̀ kan ní 40,000 náírà, ó sì tà á ní 46,000. Yóò sọ fún yín pé èrè òun jẹ́ 6,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀ 1,500 àti owó ìsọ̀ 500, ó ku 4,000. Ó ná 2,000 lórí oúnjẹ ilé, ó dá àjọ 3,000. Ìyẹn jẹ́ 5,000, tó fi hàn pé ó ń fi 1,000 jẹ ojú owó lójúmọ́ láìmọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, àjọ rẹ̀ pé 93,000, alájọ yọ 3,000 tirẹ̀, ó gba 90,000, ó sì ń dúpẹ́. 31,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ojú owó ara rẹ̀ tó ń padà bọ̀ wá bá a. Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ tó ń rà fi ń kéré sí i lọ́dọọdún, tó sì ń rò pé ayé ni. Ẹ̀yin á rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ti ń tajà fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó fi hàn án rí. Gbèsè Àjàlá nìyẹn.

Nísinsìnyí, ohun tó máa ń bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ má retí ju obìnrin méjì lọ. Òjò lè rọ̀, òde lè wà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ọ̀kan nínú wọn á ti rí àdánù tirẹ̀ nínú ìwé, ojú á máa tì í. Ẹ má pè é lórí fóònù, ẹ má ránṣẹ́ sí i. Ẹ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ra ata, ẹ kí i, ẹ má dárúkọ ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà á padà. Lọ́sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹ̀yin ló máa sú. Àṣìṣe kan náà, àlàyé kan náà, àwọn ọmọ yín ń ké pè yín nínú ilé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé "kì í ṣe ìpè mi". Sísú kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ìpè. Ó kàn ń sọ pé adùn ti lọ, bá a ti wí tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kọ́ ọ̀kan yòókù, kí ẹ̀yin dákẹ́.

Kí ọjọ́ má bàa máa yẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé "màá gbìyànjú lọ́jọ́ Àìkú". Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Jámánì, ti fi hàn nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò pé ìpinnu tó ní àkókò, ibi àti ìṣe nínú ń ṣẹ ju èrò rere lásán lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí a bá ti kó àwo oúnjẹ ọ̀sán kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé tábìlì lọ sí ẹ̀yìnkùlé." Àwo oúnjẹ ló ń rán yín létí, ẹ kò ní máa dúró de ìtara.

Fọ́tò kankan kò gbọ́dọ̀ lọ sórí Facebook tàbí WhatsApp láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Oníata kò fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ń jẹ ojú owó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san" tí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá kọ sábẹ́ fọ́tò jẹ́ adùn tó le, kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ àbí ìyìn.

Owó náà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ fún ìgbà yìí. Ní 1971, Edward Deci fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àlọ́ àtòpọ̀ kan tó dùn ún tò. Ó san dọ́là kan fún apá kan lára wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yanjú. Nígbà tí owó dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n sanwó fún kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àlọ́ náà mọ́ ní àkókò ìsinmi wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe torí pé ó wù wọ́n ti di iṣẹ́ owó. Owó kì í ba gbogbo nǹkan jẹ́, ẹ̀yin náà kò ṣáà ní torí èyí dá owó oṣù yín padà. Tó bá tètè wọ ibẹ̀, ẹ kò ní mọ ohun tó ń gbé yín dìde lórí àga mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹjọ, ẹ jókòó, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí pẹ̀lú bírò. Ọjọ́ mélòó ni kò wù mí tí mo sì ṣe é? Kí ni mo mọ̀ báyìí tí n kò mọ̀ lọ́sẹ̀ kìíní? Ọjọ́ tí n kò sí níbẹ̀, ṣé ẹnì kan wá mi? Ṣé mo ti ń ronú bí mo ṣe lè ṣe é dáa sí i nígbà tí mo wà níbòmíràn, bóyá nínú mọ́tò, láìsí ẹni tó ní kí n ronú? Tí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá dáa, ẹ tún fi oṣù mẹ́ta kún un. Ẹ má bèèrè bóyá inú yín dùn.

Ti iṣẹ́ yín ní Victoria Island, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 2001, Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton kọ̀wé nípa àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà. Owó kan náà, ìgbálẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń wo aláìsàn sàn, wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọ̀nà han àlejò. Kò sẹ́ni tó fi kún owó wọn. Ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ tuntun kan wà ní ọ́fíìsì yín tí ìṣírò ń dà láàmú tí ẹ lè fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ là lójú. Ìyẹn nìkan lè yí bí ọjọ́ Ajé ṣe ń rí lára yín padà.

Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Ẹni tó ní kí ẹ kọ̀wé yẹn, ṣé ó bèèrè iye tí ilé yín ń ná lóṣù? Akáǹtáǹtì ni yín, ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ṣe é fún ilé-iṣẹ́. Ká ní apá tí ẹ̀yin ń gbé nínú ìnáwó ilé jẹ́ 400,000 náírà lóṣù. Ó kéré tán, kí owó oṣù mẹ́fà wà nílẹ̀, ìyẹn 2,400,000, láìka owó ilé-ìwé ọmọ. Kí ohun tuntun náà sì ti máa mú ìdajì 400,000 yẹn wọlé fún oṣù mẹ́fà léraléra kí ẹ tó ronú ìwé kankan. Ẹ má ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ wà láìníṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin kó tó lè gba nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sì lè ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àìsanwó ilé-ìwé ọmọ máa ń pa ìfẹ́ iṣẹ́ rere kíákíá ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. Ó tún ṣeé ṣe kí ohun yìí má mówó wá láéláé, kó jẹ́ ohun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú títí ẹ óò fi dàgbà. Kò burú rárá. Kò sí òfin tó ní ohun tí èèyàn wá ṣe láyé gbọ́dọ̀ san owó iná.

Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ kó tó di pé tábìlì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1938, tó ṣì ń lọ, tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ 268 àti ọmọkùnrin 456 láti àdúgbò tálákà ní Boston títí di ọjọ́ ogbó; ohun tó ń jáde níbẹ̀ léraléra ni pé àjọṣe tó dán mọ́rán pẹ̀lú èèyàn wà lára ohun tó ń sọ bí ọjọ́ alẹ́ yóò ṣe rí jù. Mo ti rí àwọn tó fi iṣẹ́ ìpè tú ilé ká. Bí àwọn ọmọ bá nílò yín láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ wá wákàtí mìíràn. Wákàtí ọ̀hún sì wà: ẹ ka iye Sátidé tí aṣọ ẹbí gbà lọ́wọ́ yín láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí ẹ yọ ti àwọn tó bá yín tan, kí ẹ wo èyí tó kù.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá sì parí tí ìdáhùn yín kò dáa, wákàtí 16 àti ìwé mẹ́rin lẹ fi ṣòfò, obìnrin mẹ́rin sì ti mọ ojú owó yàtọ̀ sí èrè. Ẹ padà sí ìwé kékeré ọlọ́jọ́ 14 yẹn, ẹ wo ìlà pupa tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tún tábìlì gbé jáde.